Kọ́kọ́rọ́ ń wọlé, kò yí: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì nípa àgádágodo sítíárìn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé níbí ní Òṣogbo, Toyota Corolla ni mo ń wà. Nítorí àwọn olè, irin gígùn tó ní ìkọ́ méjì yẹn ni mo fi máa ń ti sítíárìn ní alaalẹ́. Láti àná Jímọ̀ ni kò ti ṣí mọ́. Kọ́kọ́rọ́ ń wọlé, kò yí. Ará ilé wa kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, síbẹ̀ kò yí. Bàbá Ìbejì ní kí a pe wẹ́dà kó wá fi ẹ̀rọ gé e, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má ba sítíárìn jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún wa nígbà tí a rà á ti sọnù ní Ọjà-Ọba lọ́dún tó kọjá, èyí tí a gé ni mò ń lò. Ọjọ́ Ajé ni ilé-ìwé. Kí ni kí n ṣe? Bó bá sì ṣí, ṣé kí n jù ú nù?" Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára kí ọkọ̀ wà níwájú ilé, kí epo wà nínú rẹ̀, kí irin kan ṣoṣo má jẹ́ kí èèyàn lè gbé e jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n ṣì dá wẹ́dà dúró ná. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ méjì ló dúró sí mi lọ́kàn: "èyí tí a gé" àti "ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì". Ibẹ̀ ni mo gbà pé àìsàn yẹn wà. Irin tí ẹ fẹ́ gé yẹn, ara rẹ̀ le koko, kò ṣe nǹkan kan.

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mo ń jẹ láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìgbọnà. Wọ́n ti pè mí sí irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn tó di dandan pé kí a gé irin kò sì pọ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n gé láìnídìí ló pọ̀.

Ẹ wo ihò tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ yẹn. Ọ̀pá róbótó kékeré kan tó jẹ́ idẹ ló wà nínú rẹ̀, òun ló yẹ kó yí kí irin tó tú. Ṣùgbọ́n àwọn idẹ wẹ́wẹ́ kan wà tó dábùú ọ̀pá yìí, wọ́n fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́, sípíríǹgì tín-ín-tín-ín sì ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́yìn. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á yọrí síta, wọ́n á di ọ̀pá náà mú mọ́ ara ilé rẹ̀ bí ìgbà tí a fi igi dábùú ilẹ̀kùn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, eyín rẹ̀ á gbé idẹ kọ̀ọ̀kan dé ibi tó yẹ kó dé gẹ́lẹ́. Bó bá gbé e kọjá ibẹ̀, kò ní yí. Bí kò bá gbé e débẹ̀, kò ní yí. Kí gbogbo wọn dọ́gba kí ẹyọ kan ṣoṣo kọ̀, kò ní yí náà ni, bí ẹ tilẹ̀ pe géńdé mẹ́ta sí i. Kọ́kọ́rọ́ ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́ kí idẹ yẹn tó gbà.

Ẹ wá wo tiyín. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń lò, orí kí ni wọ́n ti gé e? Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ojúlówó sọnù ni ẹ lọ gé e, a jẹ́ pé orí òmíràn tí wọ́n ti gé ṣáájú ni wọ́n ti wò ó. Ọmọ-ọmọ kọ́kọ́rọ́ ni ẹ ń lò nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gé ọ̀kan lára òmíràn, eyín á yẹ̀ díẹ̀, bíńtín tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n idẹ tó wà nínú ihò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì tuntun, tí ihò rẹ̀ sì mọ́, idẹ ń gbà fún un pẹ̀lú ìyẹ̀ díẹ̀ yẹn. Ọdún kan ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí, eyín rẹ̀ ti jẹ, ọyẹ́ sì ti dé. Ẹ ṣáà mọ bí eruku pupa ṣe máa ń bo ohun gbogbo ní àdúgbò tí kò bá sí ọ̀dà lójú títì. Ẹ nu dáṣíbọ́ọ̀dù láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ẹ fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Eruku yẹn náà ló ń wọ inú ihò kọ́kọ́rọ́, ihò yẹn kò sì ní ẹni tó ń nù ún.

Orí eruku yìí ni ará ilé yín wá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lé. Mi ò bá wọn wí, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn á sì kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki, ó máa ń fà, ó sì máa ń gbá eruku mọ́ra. Bó bá bá eruku pàdé nínú ihò tóóró, á di ẹrẹ̀. Àwọn sípíríǹgì tí mo ní wọ́n tín-ín-tín-ín yẹn kò lágbára láti ti idẹ gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Àdín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, òróró ìdáná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, gíríìsì ló wá burú jù. Mo ti ṣí àgádágodo kan rí tí wọ́n ti ki gíríìsì sí lọ́dọọdún. Nígbà tí mo tú u, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí ìyókù ọṣẹ dúdú ìsàlẹ̀ igbá.

Ohun kan wà tí ẹ lè máa rò lọ́kàn pé, "Ó ṣe jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ ló kọ̀ lójijì?" Kì í ṣe lójijì. Ọ̀pọ̀ irin oníkọ̀ọ́ méjì yìí kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ kó tó tì: ẹ kàn fà á gùn ni, á dún ká-ká-ká, ó ti tì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i nìkan ló ń béèrè kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, kò sí ohun tó lè dá yín lẹ́kun lálẹ́ tí ẹ tì í. Mo fẹ́ kí ẹ rántí dáadáa: ǹjẹ́ ẹ kì í ti máa mì ín síwá sẹ́yìn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti ń kígbe sí yín tipẹ́.

Ó dáa, iṣẹ́ wá kù. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú oòrùn tàbí sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹ nù ún mọ́ tónítóní, kí ẹ sì gbé e sójú bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ṣé ó tẹ̀? Tó bá tẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó pẹlẹbẹ, kí ẹ fi igi mìíràn tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi tọ́. Ẹ má fi òòlù lù ú. Bí ẹ bá rí ibi tó là bí irun lára ọrùn rẹ̀, ẹ má tún kì í bọ ihò mọ́, inú rẹ̀ ló máa ṣẹ́ sí. Ẹ tún tú gbogbo dúrọ́ọ̀, gbogbo àpò, gbogbo agolo tí ẹ ń kó kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sí. Irin yìí kì í sábà wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan, méjì ó kéré tán ni wọ́n máa ń so pọ̀ mọ́ ọn. Mo ti rí ilé tí ojúlówó kejì wà nínú páálí tí wọ́n fi gbé irin náà wá, tí páálí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹnì kankan kò rántí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọ ẹrẹ̀ yẹn jáde. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ kí wọ́n fún yín ní ohun fífín tí àwọn rìwáyà fi ń fọ ojú wáyà, èyí tó máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí, WD-40 náà á ṣe é fún fífọ̀. Ẹ tẹ́ àkísà tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má bàa kán sórí ìjókòó, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnikẹ́ni má fa sìgá nítòsí, kí ẹ má sì tan iná ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá oníhò tín-ín-rín tó wà lára agolo yẹn bọ ihò, ẹ fín in, ẹ jẹ́ kó kán dànù. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ wọlé láì yí i, ẹ fà á jáde, ẹ nù ún. Ẹ máa rí i pé ó dúdú. Ẹ tún fín in, ẹ tún kì í, ẹ tún nù ún. Ẹ má ka iye ìgbà, àwọ̀ àkísà ni kí ẹ máa wò. Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá jáde láìsí dúdú lára rẹ̀ ni fífọ̀ parí. Pẹ̀lú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ yìí, ó lè gbà yín ní ìdajì wákàtí. Ẹ má fi bẹntiróòlù ṣe é, kódà bí ẹni tó mọ̀ jù ní àdúgbò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó wà ní títì, tí èéfín bẹntiróòlù kún inú rẹ̀, kò yẹ kí ìyá ọmọ méjì jókòó sínú rẹ̀.

Bí ihò bá ti mọ́, ẹ má tíì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú ìhámọ́ra tó wà lára irin. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé nígbà tí a bá fi agbára fa irin yìí gùn lálẹ́, ìkọ́ méjèèjì á máa ta sítíárìn síta, sítíárìn náà á sì máa tì wọ́n padà. Ìjà àárín àwọn méjèèjì, orí ahọ́n kékeré tó di irin mú nínú ni ó ń já lé. Ahọ́n tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí kò lè sún, kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó gbé e kò sì ní lè yí. Nítorí náà, kí ẹnì kan gbá irin náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ kan lápá òsì, ìkejì lápá ọ̀tún, kó máa tì wọ́n wọnú ara wọn bí ẹni tó ń pa agbòòrùn dé. Kì í ṣe agbára púpọ̀, kó ṣáà má jù ú sílẹ̀. Bàbá Ìbejì ni iṣẹ́ yìí yẹ fún, ẹ̀yin ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ìka méjì péré ni kí ẹ fi di orí kọ́kọ́rọ́ mú, àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá. Ẹ kì í títí ó fi dé òpin, kí ẹ wá fà á padà sẹ́yìn bíńtín, bí ìnípọn èékánná. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé máa ń wọlé kọjá ibi tó yẹ nígbà mìíràn, eyín rẹ̀ á wá bọ́ sábẹ́ idẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, ẹ máa yí i jẹ́jẹ́, ẹ máa mì ín sókè sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnì kan máa fi èkù síkúrúdíráfà oníigi kan ẹ̀gbẹ́ àgádágodo náà pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé àgbà. Kíkàn yẹn ló ń jí idẹ tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá máa ṣí, ẹ kò ní rí ohun ìyanu kankan. Ẹ máa kàn gbọ́ "kẹ́" kékeré kan lábẹ́ ìka yín ni, kọ́kọ́rọ́ á sì yí bí ẹni pé kò bá yín jà rí.

Tí kò bá yí lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ sinmi, ẹ tún fọ ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ má fi píláyà di orí kọ́kọ́rọ́ mú. Ọdún kejì tí mo gba fírídọ̀mù, bàbá kan wá bá mi pẹ̀lú irú wàhálà yìí gan-an. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń lọ ní Ẹdẹ, wọ́n ti wọ agbádá. Nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n tètè lọ, mo fi píláyà mú kọ́kọ́rọ́ wọn, mo fún un lágbára. Ó dún "pá". Ìdajì wà nínú píláyà, ìdajì wà nínú ihò, ó sì ṣẹ́ mọ́ ojú ihò gẹ́lẹ́ débi pé èékánná kò rí ibi dì mú. Bàbá yẹn kò bú mi. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n ń wò mí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó yọ ọ́, ìgbéyàwó ti parí. Láti ọjọ́ náà, n kò tún gbé píláyà sún mọ́ orí kọ́kọ́rọ́ mọ́, n kò sì ní gbà kí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe é.

Bí tiyín bá ti ṣẹ́ kí ẹ tó ka èyí, tàbí bó bá ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi gúlù lẹ ìdajì kejì mọ́ ọn láti fà á jáde. Gúlù á ṣàn wọnú idẹ, ohun tí a lè tún ṣe á wá di ohun tí kò lè ṣe mọ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ pe oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wẹ́dà báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù yín lọ. Àárín sítíárìn Corolla yín, níbi tí àmì Toyota wà, ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ bá rí SRS tí wọ́n kọ síbẹ̀, airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń bú gbàmù ni, kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú ó ti tú jáde. Ojú ẹni tó tẹ̀ síwájú sítíárìn láti gé irin ni yóò sì tú lé. Nítorí náà, kò sí òòlù, kò sí kíkàn tó lágbára, kò sì sí iná wẹ́dà ní ibikíbi nítòsí sítíárìn yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin náà tún máa ń ta iná wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Iná yẹn ń jó aṣọ ìjókòó ní ihò-ihò, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, kò ní ṣeé nù kúrò láéláé. Ẹ sì rántí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ohun tó lè gbaná síbẹ̀ ni.

Bó bá wá di ọ̀ràn-an-yàn pé kí a fi agbára ṣí i, ihò kọ́kọ́rọ́ ni oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi dírílì lu, kì í gé irin. Idẹ rọ̀, irin le. Bí wọ́n ṣe ń lù ú, mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sípánà 10 tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, kó sì dúró. Àwọn tó ṣe Toyota ní kí a dúró ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 90 kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá airbag tan, nítorí iná ṣì máa ń kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kúrò. Ó gbọ́dọ̀ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ tó nípọn bo sítíárìn àti ìjókòó. Kó tó ṣe gbogbo ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, kó sì wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ má bínú sí i tó bá béèrè. Ẹni tí kò bá béèrè ni kí ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yín.

Ẹnì kan tún lè sọ pé kí ẹ gé sítíárìn gan-an níbì kan, kí irin yọ jáde, kí ẹ wá jó o pọ̀ padà. Ẹ má gbà. Sítíárìn tí wọ́n ti gé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ẹ máa ní láti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú irin lára rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kódà bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá ju ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ.

Mo tún ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún yín ṣáájú, kí àyà yín má bàa já. Lẹ́yìn tí irin yìí bá kúrò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ ibi tí ẹ fi ń ṣáná sí i, kí òun náà kọ̀ láti yí, kí sítíárìn sì dúró gbagidi. Ẹ máa rò pé irin ti bà á jẹ́. Kò bà á jẹ́. Àgádágodo kejì wà nínú ọ̀pá sítíárìn fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fi í síbẹ̀. Láti 1970 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣeé darí tàbí kó rìn fúnra rẹ̀ bí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwọn Corolla tí a ń rà níbí sì ní i. Bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, tí ẹ sì ń ti sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti máa ṣe lónìí, irin kan á bọ́ sínú ihò lára ọ̀pá yẹn, á sì há. Ẹ fi ọwọ́ òsì yí sítíárìn sí apá ibi tó ti fẹ́ gbà díẹ̀, ẹ dì í mú síbẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún yí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá gbà lápá ọ̀tún, ẹ ṣe é lápá òsì.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun kan, nínú oṣù Kẹjọ, tí àlejò kún ìlú, wọ́n sáré pè mí sí ìtòsí Ọláìyá. Awakọ̀ kan tó gbé èrò wá láti ìlú mìíràn ti jókòó sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àwọn kan ti ń sọ fún un pé kó fọ́ ibi kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n so wáyà pọ̀ tààrà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo wo táyà iwájú: ó fẹ̀gbẹ́ ti etí kọ́ńkéré gọ́tà pinpin, òun ló ń ti sítíárìn, tí irin inú rẹ̀ fi há. Mo ní kí awakọ̀ náà wọlé, kó fa sítíárìn kúrò lápá gọ́tà pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, kó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣáná. Kò sí irinṣẹ́ kankan tó jáde nínú àpò mi.

Ẹ padà sí tiyín. Bó bá ti ṣí, inú yín á dùn, á sì máa ṣe yín bíi kí ẹ tì í padà kí ẹ wò ó bóyá ó ti dáa. Ẹ má tì í mọ́ sítíárìn! Ẹ gbé e lọ sí yàrá ìgbàlejò, ẹ gbé e lé itan, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa ṣí i níbẹ̀, ó kéré tán nígbà ogún. Bó bá kọ̀ lórí itan yín, kò sí wàhálà, ọkọ̀ yín ṣì lè lọ. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ogún yẹn, tàbí bí ìró ká-ká-ká rẹ̀ bá ń fo ibì kan, ẹ má dá a padà sínú ọkọ̀ mọ́.

Bó bá sì ṣe dáadáa nígbà ogún yẹn, kò sí ìdí tí ẹ ó fi jù ú nù. Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ wo ara àgádágodo àti ara kọ́kọ́rọ́ bóyá nọ́ńbà kékeré kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Àwọn kan ní i, oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ gidi sì lè fi nọ́ńbà yẹn gé kọ́kọ́rọ́ bí èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ gbé àgádágodo náà fúnra rẹ̀ lọ, kí oníṣẹ́ tú u kó sì wọn idẹ inú rẹ̀. Ẹ má tún fún un ní ọmọ-ọmọ yẹn kó máa wò ó gé, àtọmọdọ́mọ àṣìṣe ni yóò gbé fún yín. Méjì ni kí ẹ gé. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ìkejì wà lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣí ìdérí mínírà. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọrùn ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ti ń tẹ̀. Ẹ ti fi fọ́tò kọ́kọ́rọ́ yín ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìbéèrè yín. Mo ti pa á rẹ́, kí ẹ̀yin náà pa á rẹ́ lórí fóònù yín, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lè wo fọ́tò tó mọ́lẹ̀ gé kọ́kọ́rọ́.

Nípa ohun tí ẹ ó máa fi tọ́jú rẹ̀: WD-40 tí mo ní kí ẹ fi fọ̀ ọ́ yẹn, ẹ má rò pé òun náà ni ẹ ó máa fi pa á lójoojúmọ́. Lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1953, ohun tí WD dúró fún nìyẹn, 40 sì ni ìgbìyànjú ogójì tó bọ́ sí i fún wọn. Ó dára fún fífọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù á tún máa pe eruku. Bí ihò bá ti gbẹ dáadáa, ẹ mú pẹ́ńsù dúdú tó rọ̀, irú 2B tí àwọn ọmọ fi ń yàwòrán, ẹ fi kun eyín kọ́kọ́rọ́ lápá méjèèjì títí yóò fi dúdú tó ń dán. Ẹ kì í bọ ihò, ẹ fà á jáde, bí ìgbà mẹ́wàá. Dúdú inú pẹ́ńsù yẹn ń yọ̀, kò sì tutù, nítorí náà eruku kò rí ohun lẹ̀ mọ́. Ẹ máa ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ àti ní ìparí òjò. Ẹ má pò ó mọ́ ọ́ìlì kankan, ẹrẹ̀ ni wọn yóò tún dì.

Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la Sọ́ńdè tí kò tíì ṣí, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ kórópe lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, kí oníṣẹ́ wá ní ọ̀sán, nígbà tí Bàbá Ìbejì wà nílé tí ojú sì mọ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa lu ihò àgádágodo lórí airbag pẹ̀lú iná fóònù lálẹ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ padà pinnu láti jù ú nù, ṣíṣí ni kí ẹ jù ú, kí ẹ ti fi ayùn irin gé ìkọ́ rẹ̀ kan kúrò. Àwọn ọmọ tó ń tú àkìtàn máa ń fi í ṣeré. Mo ti lọ tú u kúrò lára kẹ̀kẹ́ ọmọ kan rí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan.